Ẹ̀jẹ̀ Kì Í Ṣe Aṣọ: Lórí Clarke ará Lincoln àti Àwọn Arọ́pò Rẹ̀ Láàárín Wa

Ṣílè méjì, sísì kan àti tọ́rọ́ kan: iye tí wọ́n ń ta ìgò Clarke's Blood Mixture kan nìyẹn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria. Ẹni tí àpò rẹ̀ bá wúwo lè ra ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ ní ṣílè mọ́kànlá. Francis Jonathan Clarke, apòògùn ní ìlú Lincoln, ló ni ín. Kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ o, ó di méyọ̀ ìlú náà. Ìpolówó rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn káàkiri, ohun tó sì ń ṣèlérí kò lópin. Òògùn náà á fọ gbogbo ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ dànù, ibi yòówù kí ìdọ̀tí náà ti wá. Á wo kókó ọrùn, á wo egbò àtọdúnmọ́dún, á wo irorẹ́, á wo làkúrègbé. Ọkùnrin lè mu ún, obìnrin lè mu ún, ẹni tí ara rẹ̀ ò le pàápàá lè mu ún. Wọ́n wá yọ ọ̀rọ̀ láti inú ìwé Deuteronomi orí kejìlá lé gbogbo rẹ̀ lórí, níbi tí a ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọ́n má jẹ ẹ̀jẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni ẹ̀mí wà. Èèwọ̀ ẹran jíjẹ ni Bíbélì ń sọ níbẹ̀. Clarke sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọjà.

Ọ̀rọ̀ náà di tajá-tẹran débi pé nígbà tí Bram Stoker kọ Dracula ní 1897, ó fi í sẹ́nu Renfield, wèrè tó ń jẹ eṣinṣin àti aláǹtakùn, wèrè náà sì ráhùn pé ẹnì kan tó ń ta òògùn ti sọ ọ̀rọ̀ gidi di yẹ̀yẹ́. Ẹni tí wèrè bá ń bá wí, ẹ bá wa wo ojú rẹ̀.

Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ tó báyìí wá síbí ni pé àwòrán ìpolówó Clarke ló ń káàkiri lórí WhatsApp àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí. Ẹni tó ń pín in kiri kò fi kọ́ni ní ìtàn. Òǹtajà òògùn "a-fọ-ẹ̀jẹ̀" kan ní àyíká ọgbà wa ló fi ṣe ẹ̀rí, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn òyìnbó náà mọ̀ ọ́n nígbà kan rí, wọ́n kàn fi pa mọ́ fún wa ni kí wọ́n lè máa ta kẹ́míkà fún wa. Òǹtajà yìí kan náà ló kọ̀wé sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa pé òun fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ Ọjọ́ Àṣà ọdún yìí. Òun á san owó kánópì, òun á san owó onílù, orúkọ òògùn òun á sì wà lára bánà tó máa wà lókè orí ìtàgé. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní àwọn ṣì ń rò ó. Àwa tí à ń kọ èyí ti rò ó tán. A kò fẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀, kí á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rí tí òun fúnra rẹ̀ mú wá, nítorí pé ẹ̀rí náà kò gbè é rárá.

Kí ló wà nínú ìgò Clarke? Ìpolówó kò sọ. Àwọn dókítà tó wà nínú British Medical Association ló kó irú àwọn òògùn bẹ́ẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 1909 nínú ìwé tí wọ́n pè ní Secret Remedies. Wọ́n kọ iye tí wọ́n ń ta òògùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ iye tí èròjà inú rẹ̀ ń náni sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì ni wọ́n fẹ́ kí aráyé rí. Òògùn Clarke wà nínú ìwé náà. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni potassium iodide, iyọ̀ kan báyìí. Omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù, àti ohun tí wọ́n fi fún un ní àwọ̀ àti adùn.

Ẹ má ṣe rò pé potassium iodide jẹ́ ìyẹ̀fun lásán. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi òògùn àtijọ́ ṣẹ̀fẹ̀ kì í dé. Láti àwọn ọdún 1830 ni William Wallace, dókítà kan ní Dublin, ti ń fi iyọ̀ yìí tọ́jú àwọn tí àrùn ìbálòpọ̀ tí à ń pè ní syphilis ti wọ̀ lára jìnnà. Tí àrùn náà bá pẹ́ lára, ó máa ń yọ kókó, ó máa ń dá egbò tí kì í jiná. Iodide máa ń mú kí kókó náà yọ́, kí egbò náà sì pa ẹnu dé. Ẹ wá fojú inú wo ẹnì kan ní Manchester tí egbò ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ó ra ìgò Clarke, ó mu ún, egbò jiná. Ó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, Clarke tẹ lẹ́tà náà sínú ìwé ìròyìn. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irọ́. Egbò jiná lóòótọ́. Àrùn ni kò lọ. Ó wà nínú ara, ó ń rìn lọ sí ibi ọkàn, ó ń rìn lọ sí ọpọlọ, ẹni náà sì ti dẹ́kun wíwá ìtọ́jú nítorí pé ara ti dá. Èyí tó burú jù nínú àwọn ẹ̀rí òògùn ni èyí tí olóòótọ́ èèyàn jẹ́, nítorí pé kò sí bí a ṣe fẹ́ pè é ní òpùrọ́.

Tí ara kò bá wá dá ńkọ́? Iodide fúnra rẹ̀ máa ń mú kí irorẹ́ sú sí àwọn kan lára. Ìpolówó Clarke ti kọ́ àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀ pé ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ ló ń tú jáde lójú awọ tí wọ́n bá rí irorẹ́. Tí irorẹ́ bá lọ, òògùn ṣiṣẹ́. Tó bá pọ̀ sí i, ìdọ̀tí ló ń jáde, kí ẹ tún ra ìgò kan sí i. A ti gbọ́ gbólóhùn kejì yìí lẹ́nu òǹtajà tiwa náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí ọ̀rọ̀ kan padà.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò. "Ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́" ni wọ́n ń sọ nígbà náà tí ojú bá ń tì wọ́n láti pe syphilis lórúkọ. Òògùn tí àwọn dókítà ń fún wọn sí i ni mákúrì, èyí tó máa ń mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu, kí eyín sì máa mì. (A kò ní bo àwọn dókítà ayé ìgbà náà láṣìírí. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń fún aláìsàn jẹ́ májèlé.) Nígbà tí Clarke wá kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí mákúrì nínú òògùn òun, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ìtìjú ni wọ́n ń tà á fún. Ní 1905 ni Schaudinn àti Hoffmann ní Berlin tó rí kòkòrò tó ń fa àrùn náà. Ní 1910 ni òògùn Salvarsan dé ọjà, ní 1943 sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi pẹnisílíìnì wò ó sàn. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó fọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n pa kòkòrò.

Àwọn kan á ní Clarke kò lo ewé, pé àfiwé wa kò bára mu. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká rékọjá sí Amẹ́ríkà.

James Cook Ayer, ará Lowell ní Massachusetts, ta Ayer's Sarsaparilla ní dọ́là kan ìgò kan, mẹ́fà ní dọ́là márùn-ún. Gbòǹgbò ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún kan ni sarsaparilla, láti Gúúsù àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Àwọn ará Sípéènì ló gbé e dé Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọ́n sì ń lò ó fún syphilis kan náà yìí. Ayer fi gbòǹgbò mìíràn kún un. Ewé àti egbò gidi ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kọ èròjà rẹ̀ jáde, potassium iodide wà nínú rẹ̀, iodide ti irin náà sì wà níbẹ̀. Ọtí líle kò sì gbẹ́yìn. Egbò ni orúkọ, egbò ni àwòrán ara páálí, iyọ̀ inú ìgò Clarke ló wà lábẹ́nú pẹ̀lú ọtí. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ paraga wò ní ibùdókọ̀ rí mọ bí ọtí ṣe máa ń jẹ́ kí ara yá gágá fún wákàtí kan.

Owó tí Ayer pa kọjá sísọ. Ó ń tẹ ìwé kàlẹ́ńdà lọ́dọọdún ní oríṣiríṣi èdè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, ó ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Àgbẹ̀ á fi wo ọjọ́ tí oṣù máa lé, á sì ka ìtàn ìwòsàn lójú ewé kejì. Ní 1871 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú kan ní Massachusetts, ìlú Ayer, ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ìyẹn ló ń jẹ́ onígbọ̀wọ́! Kánópì àti onílù ni wọ́n fẹ́ fi ra tiwa.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a tú wò, nítorí pé òun ni òǹtajà wa ń fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí jù. Àwọn òyìnbó ń pe àwọn òògùn yìí ní "patent". Ẹni tó bá gba patent gidi gbọ́dọ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé, lẹ́yìn iye ọdún kan, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn olóògùn yìí kò gbà á rí, nítorí pé àṣírí ni gbogbo ọjà wọn. Orúkọ ara ìgò nìkan ni wọ́n fi òfin dáàbò bò. Ohun tí wọ́n ní dípò rẹ̀ ni sítáǹbù. Láti 1783 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba owó orí lórí irú òògùn bẹ́ẹ̀, sítáǹbù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò sì ni ẹ̀rí pé wọ́n ti san án. Owó orí lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí sítáǹbù ìjọba lára ìgò, kí ni á rò? Á rò pé ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò, ìjọba sì ti fọwọ́ sí i. Àwọn olóògùn kò sì sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó yá, ilé aṣòfin gbé ìgbìmọ̀ dìde láti tú ọ̀rọ̀ náà wò. Oṣù kẹjọ ọdún 1914 ni ìròyìn wọn jáde, ọ̀sẹ̀ tí Bìrìtìkó wọ ogun àgbáyé gan-an, kò sì sẹ́ni tó ráyè tirẹ̀ mọ́. Ó di 1941 kí òfin tó fi dandan lé e pé kí wọ́n kọ èròjà sára ìgò, òfin yẹn náà ló sì fòpin sí sítáǹbù.

Ẹ wá mú ìgò òǹtajà wa. "Nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀," bó ṣe ń pariwo nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Ẹ yí páálí náà sí ẹ̀yìn. Nínú lẹ́tà tín-tìn-tín nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní òògùn náà ń ṣe wò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń forúkọ òògùn ìbílẹ̀ sílẹ̀: wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọn kò jẹ́rìí pé ó ń wo àrùn kankan. Gbólóhùn yẹn ni ìjọba fi ń bá ẹ sọ̀rọ̀, ìwọ tó ń rà á, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni wọ́n kọ tóbi tóbi.

Ẹ̀sùn kejì tí a mọ̀ pé wọ́n máa fi kàn wá ni pé àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá ló yẹ kó kẹ́yìn nínú àwọn tó máa ta àbùkù òògùn ìbílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ti sọ ọ́ lójú wa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nítorí pé a jẹ́ ọmọ ẹ̀ka Yorùbá gan-an ni a ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wo èdè wa. Ibà ní orúkọ tirẹ̀, ibà pọ́njú ní tirẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí yàtọ̀, àtọ̀sí yàtọ̀, làpálàpá yàtọ̀, làkúrègbé yàtọ̀. Ẹ lọ bá ìyá alágbo tó mọ iṣẹ́, ẹ ní kó fún yín ní àgbo. Ìbéèrè tí á kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Àgbo kí ni?" Àgbo ibà kì í ṣe àgbo jẹ̀dí, inú ìkòkò kan náà kọ́ ni wọ́n ti ń bù ú. Ó mọ ewé rẹ̀ lórúkọ, kódà nínú ọfọ̀, inú orúkọ ewé ni agbára ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Àwọn àgbà sì máa ń sọ pé òògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn: òògùn lè má jẹ́, oníṣègùn sì ní láti padà lọ wá ohun tó kù. Ta ló gbọ́ ọ rí kí ìpolówó ìgò sọ pé ó lè má jẹ́? Àìsàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà lára páálí òǹtajà wa, a kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, àìrọ́mọbí wà níbẹ̀, ojú tó ń ṣú wà níbẹ̀. Orúkọ ewé tó wà lára rẹ̀ kò pé ẹyọ kan. "Àkópọ̀ ewé àti egbò" ni wọ́n kọ. Nínú àwa àti òun, ta ló ń ba òògùn ìbílẹ̀ jẹ́?

Ìran ìgò yẹn kì í ṣe ti ìyá alágbo. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún náà gba ìpolówó òògùn inú ìgò àti inú páálí láti òkè òkun, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó wọn wá. Ìgò kan tó ń wo gbogbo àrùn, lẹ́tà ìdúpẹ́ níwájú, àṣírí nínú, àmì ìjọba lára: Lincoln àti Lowell la ti mọ ìdílé rẹ̀. Wọ́n kàn wọ̀ ọ́ ní aṣọ òkè ni.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ mọ bí a ṣe ń bọlá fún ewé, a ní àpẹẹrẹ. Orín àtà tí àwọn bàbá wa fi ń rin ẹnu, Sofowora àti ẹnìkejì rẹ̀ mú egbò rẹ̀ wọ yàrá àyẹ̀wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971 pé omi egbò náà lè yí ìrísí ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bí dòjé padà nínú ìgò àyẹ̀wò. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn wa ń lò fún ọpọlọ tó dàrú, reserpine wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, èyí tí àwọn dókítà lò káàkiri ayé fún ẹ̀jẹ̀ ríru ní àwọn ọdún 1950. Ní Àbújá, ilé iṣẹ́ ìwádìí òògùn ti ìjọba, NIPRD, gba ìmọ̀ lọ́wọ́ Ẹni Ọ̀wọ̀ Paul Ogunyale, wọ́n sì ṣe NIPRISAN láti inú rẹ̀ fún àwọn tó ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde. A lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀ síbí: iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà. Wọ́n fún àwọn aláìsàn lò, wọ́n sì ka iye ìgbà tí ìrora dé bá wọn, ó dín kù. Wọn kò sọ pé ó sọ SS di AA. Ilé iṣẹ́ tó gbà á láti máa ṣe é fún títà wọko gbèsè lẹ́yìn 2006, ìtàn ìbànújẹ́ ni, ó sì yẹ kí ẹnì kan nínú wa kọ ọ́ síbí lọ́jọ́ kan. Ẹ bá wa fi ìyẹn wé "àkópọ̀ ewé àti egbò".

A dárúkọ fọ̀níkú-fọ̀ladìde nítorí pé ó ní ìdí. Ọmọ kíláàsì wa kan ní in. Ó fún wa láyè láti sọ èyí níwọ̀n ìgbà tí a kò bá dárúkọ rẹ̀. Ní sáà tó kọjá, wọ́n sọ fún un pé ìdọ̀tí ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé ìgò mẹ́rin á fọ̀ ọ́ mọ́, á sì di AA. Ó fi owó oúnjẹ rà á. Wọ́n ní kó má fi òògùn òyìnbó pọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ó pa folic acid tì, ó pa òògùn ibà tì, kò sì lọ sí kíníìkì fún oṣù méjì. Ibà ló kọ́kọ́ mú un, ìrora eegun tẹ̀lé e. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àwa ń ṣe ìdánwò. Ó yè é, a dúpẹ́, ó ti padà sí kíláàsì. Ohun tó sọ fún wa tó dùn wá jù kì í ṣe ti ìrora. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún òun, òun kò lè gbàgbé pé ẹnì kan pe ẹ̀jẹ̀ tí bàbá àti ìyá òun fi bí òun ní ìdọ̀tí.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dọ̀tí. Ó jogún rẹ̀ ni, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá, kò sì sí ohun tí a lè gbé mì tó máa yí i padà. Ẹ̀jẹ̀ tiwa náà kò dọ̀tí. Nǹkan bíi lítà márùn-ún ni àgbàlagbà ní lára. Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bíi ọgọ́sàn-án lítà omi láti inú rẹ̀ lóòjọ́, wọ́n á dá èyí tó wúlò padà, wọ́n á da ìyókù jáde bí ìtọ̀. Ẹ̀dọ̀ ń tú májèlé palẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa kọ̀ọ̀kan ń lo nǹkan bíi ọgọ́fà ọjọ́, ara á wó èyí tó ti gbó, á ṣe tuntun. Bí kíndìnrín bá dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ló kù tó ń bá èèyàn sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ẹ̀yin tí ẹ ti rí owó rẹ̀ rí mọ ohun tí à ń sọ. Oògùn tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sì wà lára ohun tó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ ronú sí ìyẹn: kí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ níbi tó ti ń wá ohun tó máa fọ̀ ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Àwọn kan nínú àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní gbígba owó kò túmọ̀ sí pé a fọwọ́ sí òògùn náà, pé a lè gba kánópì kí á sì máa sọ tẹnu wa lọ. Àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà náà rò bẹ́ẹ̀. Ní 1905, Mark Sullivan tú u síta nínú ìwé ìròyìn Collier's pé nínú àdéhùn ìpolówó tí àwọn olóògùn ń bá àwọn ìwé ìròyìn ṣe, gbólóhùn kan wà níbẹ̀: bí ìpínlẹ̀ wọn bá ṣe òfin tó lè pa ọjà òògùn náà lára, àdéhùn ti bàjẹ́ nìyẹn, owó dúró. F. J. Cheney tó ń ta Hall's Catarrh Cure ló gbé ọgbọ́n náà kalẹ̀. Wọn kò sọ fún olóòtú kankan pé kó parọ́. Wọ́n kàn jẹ́ kó mọ ohun tí òtítọ́ máa ná an. Olóòtú fúnra rẹ̀ ló wá ń sáré lọ bá àwọn aṣòfin pé kí wọ́n má ṣe òfin náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1906, ni òfin àpapọ̀ lórí oúnjẹ àti òògùn tó jáde níbẹ̀, lẹ́yìn tí Collier's ti pariwo títí pẹ̀lú ìwádìí Samuel Hopkins Adams.

A ti ka lẹ́tà tí òǹtajà wa kọ. Ìlà kẹfà rẹ̀ ní kí ẹgbẹ́ "má ṣe gbé ohunkóhun jáde tó lè ta àbùkù bá ọjà onígbọ̀wọ́" títí ọdún á fi parí. Ibi tí ẹ ti ń ka èyí wà lábẹ́ ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá buwọ́ lù ú, ẹ kò ní ka irú rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni ìpàdé gbogboogbò. Ẹ wá, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ àwọn mẹ́sàn-án tó máa ń wá náà ni wọ́n máa dìbò. A máa ní kí wọ́n ka ìlà kẹfà yẹn sókè kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀. A máa pe òǹtajà náà wá, kó wá dárúkọ ewé inú ìgò rẹ̀ fún kíláàsì tó ń kọ́ ọfọ̀ àti orúkọ ewé lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì sọ ìwọ̀n rẹ̀. Bó bá lè ṣe é, a ó gbọ́ ọ. Ní ti owó, ẹgbàá lọ́nà àádọ́fà náírà ni iye tó fẹ́ fún wa, ₦220,000. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, bí ogóje ó dín ọgbọ̀n nínú yín, àádọ́fà péré, bá fi ẹgbàá náírà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí akápò ẹgbẹ́ kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, owó náà pé. Àwọn onílù ti ní àwọn lè dín tiwọn kù díẹ̀, ìyá tó ń yá wa ní kánópì sì ní òun á dúró de owó títí di òpin oṣù.